Ẹsẹ̀ Òsì Tí Mo Pè Ní Ọ̀tún

Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, inú á kọ́kọ́ bí mi ná, kí n tó rántí ohun tó ń bí mi nínú. Òórùn yẹn ló máa ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà lábù ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná náírà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo dé ilé ìwé Módà tó tẹ̀ lé e, Módà ló lé mi padà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi bàámù wọ́ ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù kilọ́ọ̀bù kan ní Súrùlérè, àfi ìgbà tí àwọn ọ̀gá kilọ́ọ̀bù sọ pé ẹni tí ò bá ní sátífíkéètì eré ìdárayá ò ní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá mọ́ tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Bí èmi àgbàlagbà ṣe di ọmọ ilé ìwé nìyẹn, tí mò ń kọ orúkọ eegun tí ahọ́n mi ò lè pè. Wọ́n ń kọ́ wa bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri, àti ìdí tí pajápajá fi ń mú èèyàn lẹ́yìn eré sísá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo gbádùn ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, inú ìwé ni mo ti wá ń mọ orúkọ ẹ̀.

Eegun òkú kan wà ní lábù yẹn, odidi èèyàn, tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sórí irin. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ti já dànù. Ọrùn ẹsẹ̀ ló parí sí. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ kàn án bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kan àwọn ọmọ mi ní pápá, ọwọ́ mi sì kọ̀ ọ́. Eegun méjì ló wà lábẹ́ orúnkún wa. Èyí tó nípọn wà lápá inú, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà lápá òde, níbi tí bàtà àwọn bẹ́ẹ̀kì, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ti máa ń ba àwọn ọmọ mi. Ti òkú yìí, tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n so mọ́ orúnkún ọ̀tún, wọ́n so ọ̀tún mọ́ òsì.

Mo bi bàbá tó ń tọ́jú lábù. Ó wẹ̀yìn wò kó tó dáhùn.

"Èmi ni mo so ó nígbà tó já. Iná ti lọ, mò ń kánjú. Má dárúkọ mi o, ìyàwó méjì ni mo ní nílé."

Mi ò dárúkọ ẹ̀. Mo kàn dìde ní kíláàsì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó jọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀."

Tísà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, tí táì ò kúrò lọ́rùn ẹ̀ nínú oòrùn, wò mí látòkè délẹ̀. "Níbo lo ti kọ́ ìyẹn? Ní Múṣín?"

"Lára èèyàn ni, sà."

"Jókòó, ọ̀gbẹ́ni oníbàámù." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ rìn dé ìdí eegun náà wò.

Nígbà tí ìdánwò dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé. Tísà á fi igi kan eegun, á ní èwo nìyí, ọ̀tún ni àbí òsì? Ẹsẹ̀ tí wọ́n so mọ́ orúnkún ọ̀tún gan-an ló fi igi kàn fún mi. Mo ní òsì ni. Ó fún mi ní òdo. Àwọn tó kù pè é ní ọ̀tún, wọ́n yege. Olùkọ́ kan tó máa ń ti Èbúté Mẹ́ta wá, tí òun náà wá kẹ́kọ̀ọ́, tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé lẹ wá gbà níbí. Ẹ ò wá gbèjà òkú."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, mo padà lọ tún ìdánwò náà ṣe. Igi kan náà, eegun kan náà. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún, sà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i báyìí? Ìwé ti ń wọ̀ ẹ́ lórí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo tún dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí inú ẹ̀ lè dùn dáadáa.

Mo gba sátífíkéètì, mo sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọdún bíi mélòó kan kọjá, kilọ́ọ̀bù gba kóòṣì kan tó ti kọlẹ́ẹ̀jì yẹn jáde wá. Wọ́n gbá ọmọ wa kan nípàá lápá òde ojúgun, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣẹ́. Kóòṣì ti débẹ̀ ṣáájú mi. Apá inú ló ń tẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, kó dìde kó máa sáré. Ọmọ náà sáré. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Mo pariwo mọ́ kóòṣì náà, mo ní ta ló kọ́ ẹ pé apá inú ni eegun tẹ́ẹ́rẹ́ wà?

"Bó ṣe wà lára eegun lábù nìyẹn, sà. Ẹ̀yin náà ṣáà lọ síbẹ̀."

Mo ti bú tísà yẹn tó, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ni mí. Sátífíkéètì náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi. Tí àlejò bá yìn mí, mo máa ń ní kó jókòó síbi tó fi máa kọ ẹ̀yìn sí i.