Ikùn Belmiro Kì í Purọ́

Ní èbúté wa níbí, a kì í bi ẹni tó ń ta ọkọ̀ apẹja léèrè bóyá ọkọ̀ rẹ̀ dára. Ta ló máa sọ pé tòun ò dára? Ikùn Belmiro là ń bi. Bí Belmiro bá wọ ọkọ̀ náà kọjá odi òkúta tó dáàbò bo èbúté, tó sì bì, ẹ ra ọkọ̀ náà. Bí kò bá bì, ẹ wá ọ̀tá yín kan kí ó rà á.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi Januário tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pẹja nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìgbì ẹnu èbúté wa ti pa àwọn tó gbọ́n jù mí lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ra ọkọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Belmiro bì nínú rẹ̀, ẹ̀kẹta sì dà sórí bàtà mi. Mi ò tíì rí ìbùkún tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlùfáà ìjọ wa náà wọ́n omi mímọ́ sí i, àmọ́ gbogbo ọkọ̀ ni ìyẹn ń wọ́n ọn sí, títí kan àwọn tó ti rì.

Káfíńtà ọkọ̀ ni Belmiro. Àádọ́ta ọdún ló fi kan pákó mọ́ pákó, tó ń fi òwú àti ọ̀dà dí àlàfo wọn, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó lórí òkun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìlú tí wọn kì í ka ọkùnrin tí kò lọ sókun kún èèyàn, ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. "Belmiro Èébì" là ń pè é láti kékeré, a ò sì tíì ṣíwọ́.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bí omi bá tì í, kíá ló ń ta padà. Á jù yín sọ́tùn-ún, á jù yín sósì, ìfun yín á máa bá a jó. Èyí tí orí rẹ̀ wúwo ló máa ń rọra tẹ̀, á rò ó wò, á rọra padà. Ó dùn ún jókòó sí. Lọ́jọ́ tí ìgbì gidi bá dé, á rọra tẹ̀, kò sì ní padà mọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Belmiro wọ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò bì. Ó bọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó sọ fún Tomé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó dára tó yẹn. Tomé gbà á gbọ́, ó sì gbé e lọ sókun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá òkú Tomé.

Ní oṣù kẹta tó kọjá, Adérito, ọkọ Graciete ọmọ Belmiro, ra ọkọ̀ mítà méje. Ọkọ̀ náà ò burú. Ọ̀gá tuntun ló bà á jẹ́. Adérito ò fẹ́ kí òjò pa òun, ló bá kan yàrá irin lé e lórí, ó gbé táńkì omi sórí yàrá náà, ó tún to àwọ̀n ti táńkì.

"Ìyá mi mu kọfí nínú rẹ̀ lójú òkun," ló ń wí káàkiri, "kò ta sílẹ̀ rárá!"

Graciete wà nínú oyún oṣù márùn-ún. Kò bá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ó ní kó kọ́kọ́ gbé bàbá òun jáde. Bí Bàbá ò bá bì, kó tú yàrá irin yẹn kúrò, tàbí kó máa sùn nínú rẹ̀.

Adérito kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, ó pe àna rẹ̀ wá jẹun ọ̀sán. Ó gbé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà àti ife wáìnì pupa mẹ́rin, ó wá fi ògógóró lé e.

"Bàbá, ẹ tún jẹ díẹ̀ sí i."

"O mà fẹ́ràn mi lónìí o, ọkọ ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín tipẹ́."

"Mi ò mọ̀. Bu ọ̀rá yẹn wá."

Èmi ni ẹlẹ́rìí, èmi ni mo di korobá mú. A kọjá odi òkúta, ìgbì kan wá sábẹ́ wa, ọkọ̀ náà sì rọra tẹ̀. Mo kà á dé mẹ́fà kó tó padà.

Belmiro jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó wo àwọn ẹyẹ, ó wo ìlú wa lórí òkè.

"Januário, ṣé ilé mi nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ó kéré tó báyìí?"

Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kò sì tíì rí ilé ara rẹ̀ láti orí omi rí. Inú korobá ni orí rẹ̀ máa ń wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ní kí n fún òun ní búrẹ́dì àti sadíìnì, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní bì ni?" Adérito ti ń làágùn.

"Ara mi le."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ìka bọ ọ̀fun."

"Láti kékeré ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí n má bì. Ìwọ wá ń bẹ̀ mí kí n bì!"

Nígbà tí a yí padà, Adérito rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣáà sọ pé ẹ bì. Bàbá Januário ò ní sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni màá máa gbé yín jáde. Ẹ ó jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ ó máa jẹ búrẹ́dì yín."

Èmi náà ò sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ojú ṣì ń tì mí dòní. Belmiro kọjú síta. Omi ló ń wò. Iléèwé kan náà la jọ lọ, mo mọ ojú rẹ̀: ó ń rò ó.

Graciete dúró létí èbúté, ọwọ́ lórí ikùn. Ìdajì ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ bì?"

Belmiro gòkè bọ́ sí èbúté, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Mi ò bì," ó ní. "Lẹ́yìn ọkọ̀ Tomé, mi ò tíì wọ èyí tó dùn tó yìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni Adérito fi bínú. Lọ́jọ́ kẹrin ó tú yàrá irin náà, ó kó òkúta sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì tún pe àna rẹ̀. A ò tíì dé odi òkúta tí Belmiro fi bì. Àwọn tó wà létí omi pàtẹ́wọ́. Adérito sunkún, ó fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì láìdúró kó nu ẹnu.

Ẹ̀yìn ilé Belmiro ni wọ́n gbé yàrá irin náà sí, kí adìyẹ máa sùn níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo bá a nínú rẹ̀ lórí àga ìwakọ̀, búrẹ́dì lọ́wọ́, adìyẹ lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ sí òkun lójú fèrèsé.

"Belmiro, ṣé kí n wọlé?"

"Wọlé," ó ní. "Àmọ́ rọra tẹ̀ ẹ́. Kò dúró dáadáa."