Faransé Tí A Gún Mọ́ Iyán

Lánàá, ọmọ aládùúgbò mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké ìwé Faransé rẹ̀: nu-pa-lọ́n, fu-pa-lé, il-pál. Kíá ni mo dìde dúró, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ pè síwájú. Àgbàyà bíi tèmi!

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ìbẹ̀rù. Nígbà tiwa, kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé gba Atakpamé, ìlú wa, lọ́wọ́ àwọn Jámánì. Bàbá mi ti kọ́ èdè Jámánì díẹ̀, làwọn tó ni ín bá kó ẹrù wọn lọ, nítorí náà bàbá mi ò ka Faransé sí nǹkan gidi. Wọ́n ní bí mo bá fìdí rẹmi níwájú ọ̀gá tó ń bọ̀ wá yẹ ilé ìwé wa wò, ó parí nìyẹn, kí n gbé ọkọ́ tọ àbúrò àwọn lọ sóko ní Anié. Èmi tí ọkọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé lẹ́sẹ̀ tán!

Olùkọ́ wa, tí à ń pè ní Mèsíè, ní ká máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó jáde lẹ́nu. Orí mi tó le ju èkùrọ́ lọ ò gbà á, àfi nírọ̀lẹ́ tí mo bá ń bá ìyá mi gún iyán. Ọmọ odó tèmi balẹ̀: nu. Tiwọn balẹ̀: pa. Tèmi: lọ́n. Ìyá mi ò gbọ́ Faransé, àmọ́ wọ́n á kígbe pé, "Kòjó, o ti fo ọ̀kan, iyán á ní kókó o!" Àwọn ẹgbẹ́ mi a sì yọjú lẹ́yìn ọgbà: "Ìyàwó ilé, ẹ kú iṣẹ́!"

Ọjọ́ pé, ọ̀gá dé, irunmú rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀. Wọ́n pè mí síwájú kí n wá ké nu-pa-lọ́n.

"Káwọ́ sáyà!" ni Mèsíè wí.

Mo káwọ́, ẹnu mi náà bá pa dé. Ọwọ́ tí ò lè gún nǹkan, ẹnu wo ló fẹ́ sọ Faransé? Mo rí Anié. Mo rí ọkọ́. Kí n tó mọ̀, gìgísẹ̀ mi ti ń lu ilẹ̀, gbì, gbì, gbì, ọ̀rọ̀ sì ń já bọ́ tẹ̀lé e.

"Ṣé ó fẹ́ tọ̀ ni?" ni ọ̀gá bi Mèsíè.

"Rárá o, ọ̀gá. Bó ṣe máa ń ronú nìyẹn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó ní mo yege.

Mo sáré délé. Bàbá mi kàn ní "Hùn," wọ́n sì gbé ọkọ́ kọ́ padà. Ìyá mi ní, "Kòjó, kí tiẹ̀ ni nǹkan tá a ti ń gún látọjọ́ yìí?"

Mo wúga. "Ìyá, ó túmọ̀ sí pé à ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀."

Ìyá mi wò mí sùn-ùn. "Gbogbo yín? Ta ló wá ń gbọ́?"

Mi ò kàwé jìnnà. Faransé ti kún ọ̀nà báyìí láti Notsé dé Anié, ọmọ kankan ò sì káwọ́ sáyà mọ́. Àmọ́ bí mo bá dé ìpàdé tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo máa ń panu mọ́ díẹ̀. Ó yẹ kẹ́nì kan máa gbọ́.