Ọkọ̀ Ìdíje Bàbá Mi

Bí mo bá gbóòórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀sán kan nílé wa n'Ìkìrun ni mo máa ń rántí. Bàbá mi ń tún ọkọ̀ àlòkù kan tó ti dípẹtà ṣe. Wọ́n fẹ́ fi bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn díje dé Òkukù, lálọ lábọ̀, títí ọkọ̀ kan ṣoṣo á fi kù tí kò dákú. Bàbá mi dijú, wọ́n ń fi ìka wá nọ́ọ̀tì. Mo rò pé eré ni.

Bàbá ní, “Ìyá Ṣadé, ìwọ lo máa wà á.”

Ìyá mi ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Màá jókòó tì ọ́, màá máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì.”

Ojú bàbá mi ti ń fọ́ nígbà náà.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọkọ̀ wa dákú lójú ọ̀nà, ní Ìnísà. Síbẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Bàbá wọlé, wọ́n di ọwọ́ ìyá mi mú.