Bọ́tìnnì Tó Ń Tún Ọwọ́ Ṣe

Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà ń fi koboko kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà, ọ̀kan nínú wọn fi ìdí ìbọn gbá mi lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún ní gáréèjì Òrè. Kí ni mo ṣe? Mo tò. Mo tò dáadáa. Obìnrin kan tó pọnmọ ló fẹ́ ṣubú níwájú mi, mo sáré dì í mú, ṣọ́jà yẹn sì ní mo ti kúrò lórí ìlà. Tí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, inú ṣì máa ń bí mi. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin èèyàn, ṣé ìdí ìbọn ni wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà nílé ayé?

Ọwọ́ yẹn ni mo fi ń jẹun. Onílù ni mí ní òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó sì máa ń wá gbafẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìlù òyìnbó ni mò ń lù, èyí tí èèyàn ń jókòó tì, tí ẹsẹ̀ ń tẹ ọ̀kan, tí igi méjì sì ń bá ìyókù wí. A pọ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí ọṣẹ ìfọṣọ gan-an di ohun tí wọ́n ń tọrọ, ọ̀gá tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní kí afunfèrè máa lọ. Lẹ́yìn náà ló lé ẹni tó ń lu agogo. Ó wá ku èmi, onígìtá, àti ẹni tó ń kọrin.

Ọ̀gá kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Apá òkè ló ti wá dókòwò, èèyàn dáadáa sì ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó nídìí káńtà, tó ń gbowó ọtí, tó sì ń wo ibi tí ọbẹ̀ ń hó lẹ́yìn. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò rí i kó mi ejìká sí orin rí.

Bàbá kan tó ń to eegun ní Odigbo ló tọ́jú mi. Nígbà tó tú ọparun tó fi di ọwọ́ náà, ó ní ó ti jinná. Ó jinná lóòótọ́, torí mo lè fi jẹ ẹ̀bà, mo lè fi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú igi ìlù, tí orin bá ti gbóná díẹ̀, ìka mi á tú, igi á sì fò lọ sórí tábìlì àwọn tó ń mutí. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sínú abọ́ ọbẹ̀ ata awakọ̀ kan. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá ni mò ń wò. Ìyàwó mi ń fi àdí ra ọwọ́ náà láràárọ̀, ó ń gbàdúrà sí i. Ìyàwó mi yìí, ọmọ Ajue ni, kì í gbàdúrà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Ìgbà yẹn ni àbúrò ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi gbé kíní kan dé. Àpótí pẹlẹbẹ ni, kò ju Bíbélì ńlá ilé ìjọsìn lọ. Àwọn rọ́bà onígun mẹ́rin kéékèèké tò sójú rẹ̀, tí o bá fi ìka lu ọ̀kan, ohùn ìlù á jáde nínú sípíkà. Ọ̀kan jẹ́ ìlù ńlá, ọ̀kan jẹ́ àwo irin, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ àtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ náà á gba ohun tí o lù sínú, á sì máa lù ú lọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá pè mí, ó ní, "Gbé e lọ sílé. Ìwọ lo mọ ìlù, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa fún mi. Tó bá dáa, màá rà á lọ́wọ́ àbúrò mi, o ò nílò igi mọ́, ìka lásán ni wàá máa fi lù ú. Tí kò bá dáa, má bínú sí mi o, mo ti bá onílù kan sọ̀rọ̀ l'Óǹdó. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ni iná ìjọba máa ń wá ládùúgbò wa nígbà náà, tó bá wù ú. Bó ṣe dé ni mo jókòó ti ẹ̀rọ yìí. Mo fẹ́ kó dáa, síbẹ̀ mo ń wá àléébù rẹ̀, nítorí èmi náà lórúkọ tí mi ò fẹ́ kó bàjẹ́. Rọ́bà náà le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Tí ìka bá kàn án létí, kò dáhùn, àfi láàárín gan-an. Mo fọwọ́ tọ́ ọ jẹ́jẹ́, ó dákẹ́. Mo gbá a, ó pariwo. Ohun tó wà láàárín jẹ́jẹ́ àti ariwo, tó jẹ́ ibi tí onílù ń gbé, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìlù ńlá rẹ̀ dùn, ó ń kì mọ́lẹ̀ nínú àyà. Àwo irin rẹ̀ dà bí ìgbà tí ìdérí ìkòkò já bọ́ nílé ìdáná. Ti àtẹ́wọ́ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mi ò mọ ìlú tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó tún ohun tí mo lù lù fún mi, ẹnu yà mí. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti pẹ́ dé níbì kan, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń lù ú. Ẹ̀rọ náà lù ú padà, kò sí ibi tó ti pẹ́ dé rárá. Ohun gbogbo tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí ẹni pé ṣọ́jà dúró tì í. Mo ní, ẹ gbà mí, ta ló lu èyí? Mo tún lù ú, mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, mo tiẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ lù ú. Ó tò. Ìgbà yẹn ni mo rí bọ́tìnnì kan tí iná pupa ń tàn lórí rẹ̀. Òun ló ń bá èèyàn tún ọwọ́ ṣe.

Inú mi dùn débi pé mo gbé ìyàwó mi sókè nílé ìdáná, ó ń fi ìpawọ́dà lù mí léjìká kí n sọ òun kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ ti rí i pé Ọlọ́run kì í sùn?" Mo ní mo ti rí i.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò pa iná pupa náà rárá. Tí n bá pa á, màá gbọ́ bí ọwọ́ mi ṣe rí gan-an, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin bíi tèmi, tí mo máa ń bá awakọ̀ elépo fa ọ̀rọ̀, bọ́tìnnì kékeré ń dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá ní ká wá fi ẹ̀rọ náà hàn kí àwọn oníbàárà tó dé. Ìyá ìyàwó mi ti gun ọ̀kadà wá láti Ajue pẹ̀lú epo pupa láti kí wa, ó sì tẹ̀lé wa lọ. Ìyá yìí, òun ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń tì síwájú láti gbé orin lọ́jọ́ ìkórè. Ọ̀gá kí i dáadáa, ó fún un ní àga. Ìyàwó ọ̀gá bu omi tútù fún un.

Orin Ìkálẹ̀ kan ni a mú, èyí tí àwọn àgbẹ̀ máa ń béèrè jù. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ dàgbà ni. Ìlù ńlá inú orin náà kì í bá àtẹ́wọ́ bọ́ pọ̀. Ó máa ń rọra dé lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ru agbọ̀n kòkó tútù, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́. Mo lù ú sínú ẹ̀rọ, onígìtá wọlé, akọrin gbé e. Orí ọ̀gá ń mì, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá dìde láti jó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó tún gbé e, ó tún dúró. Ó wojú mi.

Ó fi Ìkálẹ̀ bi mí pé, "Ta ló ń lu ìlù yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

Ó ní, "Irọ́ ni. Mo mọ ọwọ́ rẹ. Ìyẹn kọ́."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mi ò mọ ìgbà tí ìka mi pa iná pupa náà. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo lù ú pẹ̀lú ìbínú, ìlù ńlá náà sì padà sáyè rẹ̀, ó ń dé lẹ́yìn àtẹ́wọ́ bó ṣe yẹ. Ìyá kígbe, "Ẹ̀n-ẹ́n!" Ó jó. Ó tẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ìyàwó mi pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Mo gbàgbé ọ̀gá. Mo gbàgbé onílù Oǹdó.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi tú. Kì í ṣe pé ó rọra dé, ńṣe ló já bọ́. Mo fẹ́ gbá a mú níwájú, ó tún já bọ́. Ẹ̀rọ náà gba gbogbo rẹ̀ sínú, ó sì ń lù ú padà fún wa léraléra, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ìyá dáwọ́ ijó dúró. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Omi gba ojú mi.

Ọ̀gá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìkíní yẹn dáa, kí lẹ fi bà á jẹ́?"

Mo ṣàlàyé bọ́tìnnì fún un. Ó ní kí n tan án. Mo tan án. Ó wá jókòó sáyè mi, ó fi ìka rẹ̀ méjì ńlá lu rọ́bà bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀rọ náà lù ú padà, ó tò gẹ́rẹ́gẹ́. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní, "Èmi! Èmi tí mi ò lè lu páànù!"

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ yé e. Ó yé èmi náà nígbà kan náà.

Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n rà á?"

Mi ò lè purọ́. Mo sọ ti rọ́bà tó le fún un, mo sọ ti àwo irin tó dà bí ìdérí ìkòkò, mo sọ pé kò mọ orin Ìkálẹ̀. Mo wá ní, "Ṣùgbọ́n fún àwọn èrò ọ̀nà tó ń jẹun tí wọ́n ń lọ, sà, ó dáa."

Ó dúpẹ́. Ó ní ayé ti le, èmi náà sì rí i, kò sí bí òun ṣe máa sanwó fún ẹni tí ẹ̀rọ lè dúró fún, kí n má bínú. Ó ní kí n dákun wá lọ́jọ́ Ajé kí n wá kọ́ ìyàwó òun bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Mo lọ. Obìnrin náà kò fẹ́ wojú mi, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́," ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ìka rẹ̀ lé rọ́bà. Ó ti gbé ìrẹsì kaná kí n tó dé. Ìrẹsì náà kò tíì jinná tó fi mọ ẹ̀rọ náà tẹ̀.