Ẹni tó Jẹ Sàráà Ikú Ara Rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1954 ni, lẹ́yìn ìrun Àílà, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹbí ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn àgbà fẹ̀yìn ti ògiri. Èmi, tí mo jẹ́ tíṣà ní Ìkòròdú nígbà náà, jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Àwa méjèèjì la jọ wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Ìpakòdò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àdúrà ọdọọdún fún àwọn òkú ẹbí la wá ṣe. Ááfà ṣí ìwé, ó ń ka orúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń dáhùn pé kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Nígbà tó ka orúkọ kejìlá, àbúrò ìyá mi nawọ́ sókè.

"Mo wà níbí o," ló wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí, tí í ṣe àbúrò bàbá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ááfà máa kàwé rẹ̀ lọ.

Kí ìbínú mi má baà ba ẹ̀rí jẹ́, mo fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àbúrò ìyá mi wà lára àwọn tí ìjọba kó lọ jagun ní Bọ́má. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni gbígbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ jáde kúrò nínú igbó. Kí ogun tó parí, ìròyìn dé Ẹ̀pẹ́ pé ó ti kú. Òkú kò sí nílẹ̀, síbẹ̀ ẹbí kírun òkú, wọ́n ṣe fídáù, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì pín ogún rẹ̀: yàrá méjì nínú ilé, àti oko àgbọn kan lọ́nà Èjìnrìn. Ọmọ olórí ẹbí gba yàrá; olórí ẹbí fúnra rẹ̀ gba oko. Lọ́dún tó tẹ̀ lé òpin ogun, òkú wọlé dé pẹ̀lú àpótí onírin léjìká.

Ìyá mi sọ fún mi pé àwọn obìnrin ilé figbe ta, wọ́n sá. Àwọn ọkùnrin kò sá. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n sì jáde wá sọ fún un pé ogún tí a ti pín kì í padà di àìpín. Èmi kò bá wọn jà nítorí àṣìṣe àkọ́kọ́. Ta ni kò lè gba ìròyìn èké gbọ́ nígbà ogun? Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n rí i lójúkojú, wọ́n gba ìkíni rẹ̀, wọ́n sì tún fi í sílẹ̀ sáàárín àwọn òkú.

Ó kó lọ sí Ìpakòdò, ó ń fi títún ọkọ̀ kàn jẹun. Ó fi ọparun méjì àti aṣọ tapólì ṣe ibùsùn ìgbáláìsàn, irú èyí tí wọ́n ń lò lójú ogun. Bí ọkọ̀ bá gbé aláìsàn dé láti àwọn abúlé etí ọ̀sà, òun àti àwọn apẹja mẹ́ta á gbé e, wọn á fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn ní Ìkòròdú. Ẹsẹ̀ aláìsàn ni yóò ṣáájú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà bá gòkè, ó di dandan kí wọ́n yí i kí orí lè ṣáájú. "Ẹ rọra," ni yóò máa wí fún wọn. "Ẹsẹ̀ tó kán ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1953, ìyàwó kékeré olórí ẹbí yìí kan náà gbé ẹja gbígbẹ wá sí Ìpakòdò. Ìrọbí mú un nínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Àbúrò ìyá mi ló gbé e. Ìyá yè, ọmọ yè. Lọ́jọ́ àdúrà tí mo ń sọ yìí, ọmọ náà ń kọ́ ìrìn lórí ẹní láàárín wa.

Wọ́n gbé sàráà wá. Àbúrò ìyá mi na àwo rẹ̀. "Ẹ fi ẹran kún un fún mi. Èmi nìkan ni òkú tó ń jẹ sàráà ara rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ fún olórí ẹbí.

"Bàbá, mi ò bèèrè yàrá, mi ò bèèrè oko. Ẹ ṣáà pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá kú ní tòótọ́, kí ẹ tún un kọ, kí ẹ sì kírun sí mi lára nínú ilé yìí."

"Ohun tí a bá ti fi àdúrà dì, a kì í tú u."

Ááfà wúkọ́. "Bàbá, àdúrà tí a ṣe fún alààyè kò pa á. Ẹ jẹ́ kí n fi gègé fa ìlà lé e."

"Ìwé tìrẹ ni, àbí ti ẹbí?"

N kò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ṣé òkú ló gbé ìyá ọmọ yìí dé ilé ìwòsàn?"

"Ìwọ tíṣà, ìwé lo lọ kọ́. Ṣé wọ́n ń kọ́ yín ní àrífín pẹ̀lú ẹ̀?"

Gbogbo àwọn tó jókòó ló mọ ìdí tó fi kọ̀: bí orúkọ bá kúrò nínú ìwé, oko àgbọn á padà di ti ẹni tó ni ín.

Ní oṣù Keje ọdún 1957, ọkọ̀ kan dojú dé ní Ìpakòdò. Àbúrò ìyá mi dúró nínú omi títí dé àyà, ó ń fa èèyàn jáde. Òtútù wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ní ìdájí, ó kú. Èmi àti àwọn apẹja wẹ̀ ẹ́, a tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ọparun rẹ̀, a sì fi ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́.

Olórí ẹbí dúró sẹ́nu ọ̀nà. "A ti kírun sí ẹni yìí. A kì í sin èèyàn lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyàwó rẹ̀ kékeré jáde, ó rí ibùsùn náà, ó mọ̀ ọ́n. "Bàbá, orí èyí ni wọ́n gbé mi sí." Ọkọ rẹ̀ ní kó wọlé. Ó wọlé.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn apẹja yíjú sí wa. "Ẹ gbé e. Ilé yìí kò tó o."

Ọjọ́ ọjà Èjìnrìn ni. Bí a ṣe ń padà lọ, a gúnlẹ̀ síbẹ̀ lákòókò ìrun Àlàsárì. Àwọn ará ọjà tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn lèmọ́mù, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Àbúrò ìyá mi ti sọ fún mi rí pé òun fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé láti ilé ìwòsàn kan ní Íńdíà tí wọ́n ti ń tọ́jú òun nígbà ogun, pé òun ò kú. Ìyá mi náà rántí pé lẹ́tà kan dé kí wọ́n tó pín ogún. Ẹni tó gbà á nílé ìfìwéránṣẹ́, àti bóyá ó kà á, n kò mọ̀.