Ilẹ̀kùn Irin tí Adédùntán So

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ gbóhùn sókè, àní àlọ́ o!

Àlọ̀ ooo!

Ó dáa. Àlọ́ tòní gbéra ní Ògìdì, ó gun ọ̀kadà, ó sọ̀ ní Kábbà níwájú ilé ìwòsàn tuntun kan, ó bá Adédùntán, àbíkẹ́yìn mi, àǹtí yín, lórí àkàbà.

Ilẹ̀kùn irin ńlá kan ni wọ́n ní kó so. Orí irin tó dà gẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ń yí lé. Bí a bá fi í sílẹ̀, á yí wá, á tì. Ṣéènì ló dì í mú kó wà ní ṣíṣí. Láàárín ṣéènì ọ̀hún ni irin pẹlẹbẹ méjì wà, wọn ò ju ìka mi yìí lọ, òjé ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ilé bá gbiná, òjé á yọ́, irin á pínyà, ilẹ̀kùn á tì, iná ò sì ní rọ́nà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Èyí tí Adédùntán ń lò tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀: wáyà wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀rọ orí àjà bá ti gbóòórùn èéfín, mànàmáná á gba wáyà wọ irin náà, irin á já kí iná tó yọjú rárá. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọ̀gá Gbádéyan tó gba iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ ṣáájú: bí ilẹ̀kùn yìí bá tì dáadáa, Adédùntán ni yóò ṣe mẹ́tàdínlógún tó kù, bí kò bá tì, oníṣẹ́ kan láti Lókọ́ja ni yóò ṣe wọ́n. Irú irin alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ méjì péré ló sì kó fún un, nítorí èyí tó bá ti já kò ṣe é lò mọ́.

Ọjọ́ ìdánwò, mo wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. A kí ara wa bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa, "okun, okun." Adédùntán tẹ bọ́tìnì tó ń rán mànàmáná sínú wáyà. Pà! Irin já. Ilẹ̀kùn mì díẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Ọ̀gá Gbádéyan béèrè bóyá ilẹ̀kùn náà ń retí kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn bíríkìlà rẹ́rìn-ín.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tó dì í mú? Wáyà ni. Ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀. Nídìí òfì tí mo ti tọ́ ọ dàgbà, òwú kan kì í fì létí aṣọ. Tó bá fì, màá gbá a lọ́wọ́. Lòun náà bá fi wáyà wé ṣéènì àti irin náà pọ̀ yípo yípo, ó le, ó mọ́ lójú. Irin já lóòótọ́, wáyà ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn lọ.

Mi ò lè jókòó mọ́. Mo ní, "Adédùntán, tú u. Jẹ́ kó fì."

Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Yára."

Ó gun àkàbà, ó fi irin kejì sí i, ó jẹ́ kí wáyà rọ̀ dirodiro. Ó tún tẹ bọ́tìnì. Pà! Ilẹ̀kùn gbéra, gìrìrìrì, ó yí lọ, gbàà, ó tì! Bíríkìlà kan tó wà lódì kejì ń kígbe pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fóun. Mo jó. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo jó.

Ọ̀gá Gbádéyan ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ní, "Dùntán, ọ̀la ni kó o bẹ̀rẹ̀ ìyókù."

Ó ti so mọ́kànlá báyìí. Ilẹ̀ tó bá mọ́, ó di kejìlá. Ó tó. Emmanuella, tẹ́ ẹní. Fìyìnfólúwa, ẹsẹ̀ rẹ ò mọ́, lọ fọ̀ ọ́. Ẹ lọ sùn.