Ojú Mi àti Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Èmi fúnra mi ni mo ba ojú mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́.

Àkàrà ni mo ń dín lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Ore, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì Benin ti máa ń dúró. Iná ń jó mi níwájú, oòrùn ń pa mí lẹ́yìn, àpá rorẹ́ sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Obìnrin kan tó ń ṣe ojú lóge nítòsí wa ní òun yóò fi oògùn bó awọ òkè kúrò, tuntun yóò sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Píìlì ni wọ́n ń pè é. Ó ta mí bí ata, mo fara dà á. Ó ní kí n má fọwọ́ ṣí awọ tó bá ń bó, kí oòrùn má sì rí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ni kó wá máa bá mi dín àkàrà fún ọ̀sẹ̀ méjì? Lọ́jọ́ kẹta mo ti wà nídìí agbada, mo ń fi èékánná ṣí awọ ojú mi bí ẹni ń bó ẹ̀wà.

Kí oṣù tó parí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń béèrè bóyá epo ló ta sí mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá mi tó ń gbé ní Odigbo kò mọ̀ nípa píìlì. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ ohun tó ṣe ojú mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sọ sí ọ lóko lọ́jọ́sí?"

Ọ̀rọ̀ kan wà lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní oko kòkó ní Ago Alaye. Kò sẹ́ni tí wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, a sì fẹ́ràn wọn torí ẹ̀. Nígbà tí mo kọ̀ láti bá wọn fọ́ kòkó, wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ọmọ. Ẹwà ò jẹ́ kó wá sóko. Ojú ọ̀hún ṣì máa dúdú ju tèmi lọ." Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín.

Màmá mi ní ẹnu àgbà ni, àfi ká lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e kúrò. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nígbà yẹn. Mi ò jẹ́wọ́. Kí n má purọ́, èmi náà ti ń rò ó pé bóyá ni. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n ṣe píìlì fún? Ojú àwọn yòókù ń dán.

Kí a tó lọ, mo yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, mo sọ òótọ́ fún òun. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní àkàrà ni mò ń dín, ó mi orí. Ó ní oòrùn àti ooru iná ló bá awọ tuntun náà kó tó gbó, pẹ̀lú èékánná mi. Ó ní kí n dá kànìnkànìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo fi ń ha á dúró, kí n máa fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí n máa fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa á láràárọ̀, kí n sì máa dé àkẹtẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò lọ, kí n lọ rí dókítà awọ ní Àkúrẹ́.

A bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, a kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo màmá mi. "Èmi? Kí ni mo sọ?" Màmá mi rán wọn létí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwàdà ni, àmọ́ bó bá jẹ́ ẹnu àwọn ni, àwọn gbé e kúrò. Wọ́n gba omi tútù, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n tu ìyókù sílẹ̀, wọ́n súre, wọ́n sì fi ọwọ́ tó ń rùn fún kòkó pa mí lójú. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Lọ́sẹ̀ kẹta, dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ṣé ìpara ni? Ṣé àkẹtẹ̀ ni? Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi yẹn ò bá a ṣe. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi títí dòní. Màmá mi ní tiwọn gbà pé omi náà ni, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Lóṣù kẹrin, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi fọ́ kòkó. Mo ní, "Màmá, ọ̀lẹ yín ti dé o." Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ," wọ́n sì wolẹ̀. Obìnrin tó ń bá wa fọ́ kòkó sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé láti ọjọ́ tí a wá kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í bá ọmọ ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Wọ́n ní ẹnu àwọn burú.

Mo bá jókòó tì wọ́n, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: píìlì, èékánná, agbada, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kó tó yé wọn.

"Ìwọ lo lọ jó ojú ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O sì mọ̀ nígbà tí ẹ wá kúnlẹ̀ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Mò ń retí kí wọ́n bú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọ́n la ẹnu, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n wọn. Wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, níbi tó ṣì dúdú díẹ̀, wọ́n sì rọra fi ọwọ́ bo ẹnu.